Bí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù yín kì í bá lọ tààrà, ẹ wo ìgbáròkó yín: ẹ̀kọ́ kan náà wà fún ẹni tó ń lu irin ní Agbogbloshie

Nínú ìlú Accra kan ṣoṣo, irú èèyàn méjì wà tí wọn kì í sábà pàdé. Ọ̀kan ń gbá gọ́ọ̀fù lórí koríko tútù ní Achimota lọ́jọ́ Sátidé. Èkejì ń fi òòlù tú àlòkù fíríìjì àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní agbègbè Agbogbloshie láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Aṣọ wọn yàtọ̀, àpò wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá dé iwájú dókítà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sábà máa ń jáde lẹ́nu wọn: "Dókítà, ìbàdí ń ro mí."

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Iṣẹ́ tí ara wọn ń ṣe jọra gan-an. Àwọn méjèèjì ń gbé ohun tí orí rẹ̀ wúwo sókè, wọ́n ń fì í wálẹ̀ pẹ̀lú ipá, wọ́n sì fẹ́ kó ba ojú ibi tí wọ́n fọkàn sí gan-an. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀wò lónìí: ọgbọ́n tó ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù lọ tààrà náà ló ń dáàbò bo ẹ̀yìn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, yálà ọ̀pá gọ́ọ̀fù ló mú lọ́wọ́ ni o, òòlù ni o, ọmọ odó ni o, yóò jàǹfààní rẹ̀.

Kí ni wọ́n rí ní Agbogbloshie?

Agbogbloshie wà láàárín ìgboro Accra, létí odò Odaw, nítòsí ọ̀sà Korle. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kó àlòkù ẹ̀rọ wá síbẹ̀: tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà, fíríìjì, bátìrì, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti àríwá Ghana, ló ń tú wọn kí wọ́n lè rí bàbà, alumíníọ́mù àti irin tà. Ní oṣù Keje, ọdún 2021, ìjọba wó ọgbà àlòkù náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parẹ́. Ó kàn tú ká lọ sí Old Fadama tó wà nítòsí àti àwọn ibòmíràn ni.

Tí wọ́n bá dárúkọ Agbogbloshie, èéfín àti òjé tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ, òótọ́ sì ni, ewu ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ghana àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn láti Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà tún béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà: ibo ló ń dùn yín lára? Èsì ìwádìí náà jáde ní ọdún 2021. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ló ní ìrora ní oríkèé tàbí ẹran ara, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn sì wà lára ibi tó ń yọ wọ́n lẹ́nu jù.

Ẹ fojú inú wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń tú ẹ̀rọ jókòó sórí àlòkù tẹlifíṣọ̀n tàbí kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ọwọ́ kan di irin mú, ọwọ́ kejì ń gbé òòlù sókè lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan. Ẹ kò nílò láti dé Accra kẹ́ ẹ tó rí irú rẹ̀. Ẹ dé Òwódé Onírin ní Èkó, ẹ ó rí i.

Ibo ni agbára ti ń wá?

Ẹ wo ìyá àgbà tó mọ iyán gún. Kì í fi apá nìkan gún un. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ìdí rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn, ó ń bọ̀ síwájú, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ odó fi ìwúwo ara rẹ̀ já bọ́ sínú odó. Ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, apá àti ẹ̀yìn ló ń fi jà. Kí iyán tó kúnná, òógùn ti bò ó, ìbàdí sì ti ń ro ó.

Bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Agbára ń gbéra láti àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń gba orúnkún dé ìgbáròkó, ó ń gba àyà dé èjìká, kó tó wá dé ọwọ́. Ọwọ́ ló ń dé kẹ́yìn.

Nínú gbogbo ọ̀nà yìí, ibi méjì ni Ọlọ́run dá fún yíyí. Àkọ́kọ́ ni ìgbáròkó. Orí eegun itan rí roboto, ó sì jókòó sínú ihò rẹ̀ bí ìgbà tí orí ọmọ odó bá wà nínú odó. Ó lè yí síbí, kó yí sọ́hùn-ún. Èkejì ni ẹ̀yìn òkè, níbi tí egungun ìhà ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ lè yí tó bí ìwọ̀n digíríì 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀. Eegun márùn-ún ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé ẹrù ara àti láti jẹ́ ká lè tẹ̀ síwájú ká sì nà sẹ́yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í yí ju bíi digíríì 2 lọ, gbogbo wọn lápapọ̀ kì í sì yí ju bíi 10 sí 15 lọ. Tìmùtìmù rírọ̀ kan wà láàárín eegun kan àti èkejì rẹ̀. Bí ẹ bá ń fipá yí ibi tí kò dá fún yíyí, tẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ síwájú, tìmùtìmù yìí ló máa ń jìyà. Ó lè ya díẹ̀díẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì lè yọ síta kó tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Ìyẹn ló ń fa ìrora tó máa ń gba ìdí lọ sí ẹ̀yìn itan títí dé ẹsẹ̀.

Kí ló dé tí bọ́ọ̀lù fi ń yà?

Ó ti di àṣà fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, ní Ikoyi Club 1938 ní Èkó, ní Ibadan Golf Club, tàbí ní MicCom ní ìlú Ada ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí wọ́n máa ṣàròyé pé bọ́ọ̀lù àwọn ń yà sọ́tùn-ún wọ inú igbó. Wọ́n á ra ọ̀pá tuntun, bọ́ọ̀lù á tún yà.

Ohun méjì ló ń pinnu ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Èkíní ni ibi tí ojú ọ̀pá kọ sí nígbà tó kan bọ́ọ̀lù. Èyí ló lágbára jù lórí ibi tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ dorí kọ. Èkejì ni ipa ọ̀nà tí orí ọ̀pá ń gbà bọ̀. Bí ojú ọ̀pá àti ipa ọ̀nà yìí bá kọ sí ibì kan náà, bọ́ọ̀lù á lọ tààrà. Bí wọ́n bá yàtọ̀ síra, bọ́ọ̀lù á máa yí lórí ìró rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì tẹ̀ lọ́nà. Àkókò tí ọ̀pá fi ń kan bọ́ọ̀lù kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà kò sí bí ọwọ́ ṣe lè tún un ṣe nígbà náà. Ohun tí ara ti ṣe ṣáájú ló máa hàn.

Fún ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé tí ọ̀pá bá ti wà lókè, ọwọ́ àti èjìká ló kọ́kọ́ ń sáré bọ̀ wálẹ̀ kí ìgbáròkó tó yí rárá. Ọ̀pá á wá gba ìta bọ̀ sínú, ojú rẹ̀ á ṣí sọ́tùn-ún, bọ́ọ̀lù á sì yà. Àwọn olùwádìí tún ti kíyè sí i pé lára àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù tí ìbàdí ń ro, ìgbáròkó ti iwájú, ìyẹn òsì fún ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, kì í sábà yí dáadáa. Ohun tí ìgbáròkó kò bá ṣe, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ń fi ara rẹ̀ dí i.

Ẹrù tó ń bọ́ sórí ìbàdí

Ẹ má rò pé nítorí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kéré, ohun tó ń ṣe lára kéré. Àwọn oníṣègùn ti wọn ẹrù tó ń tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn nígbà tí èèyàn bá gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tagbáratagbára. Ó tó ìlọ́po mẹ́jọ ìwúwo ara ẹni náà. Bí ẹ bá wọn kílò 70, ohun tó ń tẹ ìbàdí yín ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn sún mọ́ kílò 560. Ẹni tó bá lọ gbá bọ́ọ̀lù ọgọ́rùn-ún láti fi dánra wò láàárọ̀ kan, kó mọ ohun tó ń gbé.

Tiger Woods, ọ̀kan lára àwọn tó mọ gọ́ọ̀fù gbá jù láyé, ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 2014, ó sì tún ṣe òmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọdún 2017, wọ́n so eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Ó padà gba Masters ní ọdún 2019. Ìtàn rẹ̀ kọ́ wa pé ẹ̀yìn lè sàn, ó sì kọ́ wa pé agbára nìkan kò lè gba ẹ̀yìn là. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ohun tí ẹ lè ṣe kí bọ́ọ̀lù lè lọ tààrà

1. Ẹ mú ara gbóná fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ẹ rìn kíákíá, ẹ yí èjìká, ẹ jókòó-dìde lórí àga nígbà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tó fi ọ̀pá tó kúrú gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ jẹ́jẹ́.

2. Ẹ di ọ̀pá mú bí ẹ ṣe ń di ọwọ́ ọmọ mú tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọdá títì: kó má lè já bọ́, kó má sì dùn ún. Tí ọwọ́ bá fún jù, ọrùn ọwọ́ á gan, ojú ọ̀pá kò ní lè padà síbi tó yẹ. Ó tún ń fa ìrora ní ìgbọ̀nwọ́.

3. Ẹ tẹ̀ láti ìgbáròkó, ẹ má tẹ̀ láti ìbàdí. Ẹ ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àga gíga, ẹ jẹ́ kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kí ẹ̀yìn nà.

4. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ọ̀pá lọ sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí àyà àti ìgbáròkó jọ yí. Bí ara yín kò bá rọ̀ mọ́ bíi ti àtijọ́, ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ iwájú gbéra díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó ń gba ẹrù kúrò lórí ìbàdí.

5. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹsẹ̀ iwájú mọ́lẹ̀, kí ìgbáròkó yí, kí àyà tẹ̀ lé e. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ ṣáájú.

6. Tí bọ́ọ̀lù bá ti lọ, ẹ dúró síbẹ̀ kẹ́ ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Àyà yín kọjú síbi tí bọ́ọ̀lù lọ, ìwúwo ara wà lórí ẹsẹ̀ iwájú. Bí ẹ kò bá lè dúró kí ẹ má ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ẹ ti gbá a jù. Ẹ dín agbára kù.

Ẹni tó ń fi òòlù ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù lè sinmi lọ́la. Ẹni tó ń lu irin kò lè sinmi, nítorí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ̀yin ará ilé rẹ̀ mọ ohun tí kò náni lówó púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kó gbé iṣẹ́ kúrò nílẹ̀. Àlòkù rímù ọkọ̀ tàbí kùkùté igi tó ga dé orúnkún tàbí ìbàdí lè di tábìlì rẹ̀. Bí irin bá ti ga díẹ̀, ẹ̀yìn kò ní máa tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Kó so irin náà mọ́ ojú kan, dípò kó máa yí ìbàdí tẹ̀ lé e.

Kó fi ẹsẹ̀ kan síwájú, kí èkejì wà lẹ́yìn. Tí òòlù bá ń lọ sókè, kí ara lọ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Tó bá ń bọ̀, kí ara padà sórí ẹsẹ̀ iwájú. Kí òòlù fi ìwúwo ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Òòlù tó wúwo jù kì í jẹ́ kí iṣẹ́ yá, nítorí ẹni tó rẹ̀ kì í lù ú bó ṣe yẹ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sábà máa ń lù. Kó máa pààrọ̀ ẹsẹ̀ tó wà níwájú, kó sì máa dìde nà lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí. Kó má gbàgbé awò tó ń dáàbò bo ojú, torí irin tó bá ta lè fọ́ ojú ní ìṣẹ́jú kan.

Nínú ilé wa ńkọ́?

Ẹ̀yin òbí ọmọ tuntun, ẹ̀yin náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ gbé ọmọ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́ ń lo ìbàdí bíi ti òṣìṣẹ́. Ẹ kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ẹ fa ọmọ mọ́ àyà, kẹ́ ẹ tó fi ẹsẹ̀ dìde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sínú ọkọ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ yí, ẹ má fi ìbàdí yí. Ẹ gbé abọ́ ìwẹ̀ ọmọ lé orí nǹkan tó ga tó sì dúró dáadáa, ẹ má sì mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́ gọ́ọ̀fù, ẹ má fún un ní ọ̀pá bàbá rẹ̀. Ọ̀pá tó gùn tó sì wúwo jù fún un ló ń kọ́ ọ láti fi ẹ̀yìn gbá bọ́ọ̀lù. Kí àwọn ọmọ tó kù dúró jìnnà dáadáa sí ẹni tó ń gbá a. Orí ọ̀pá gọ́ọ̀fù lè fọ́ agbárí ọmọdé.

Ẹ yẹ ìgbáròkó yín wò lónìí

Ẹ jókòó sórí àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí orúnkún wà papọ̀. Ẹ jẹ́ kí orúnkún dúró sójú kan, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì lọ sí ìta. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀tún. Bí ọ̀kan kò bá lọ tó èkejì, ìgbáròkó yẹn ti gan. Lójoojúmọ́, ẹ gbé kókósẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn lé orúnkún kejì, kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ ká orúnkún sókè, ẹ gbé ìdí kúrò nílẹ̀, ẹ ka márùn-ún, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà mẹ́wàá tó. Èyí ń fún ẹran ìdí lágbára, òun ló sì yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ tí ìbàdí ń ṣe.

Ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù?

Ọ̀pọ̀ ìrora ẹ̀yìn máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́. Ẹ máa rìn níwọ̀nba. Ẹ má sì máa lo ibuprofen tàbí diclofenac bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, pàápàá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí egbò inú. Wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró di ọ̀la bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí: ìtọ̀ kò wá tàbí kò ṣe é dá dúró; ìgbẹ́ ń jáde láìmọ̀; ara kú tipiri láàárín itan àti ní ojú ara; ẹsẹ̀ kan tàbí méjèèjì ń rọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù ńlá, nítorí bí iṣan tó lọ síbẹ̀ bá pẹ́ jù lábẹ́ ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ó lè má padà sípò mọ́. Ẹ má sì fi ìrora tó bá ibà rìn, tó ń jí èèyàn lóru, tó ń mú kí èèyàn rù, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú ṣeré. Ẹni tí ìrora kò bá sì kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó lọ rí dókítà tàbí oníṣègùn fisiotẹ́rápì.

Bí ẹ bá ní ọmọ, ọkọ tàbí àbúrò tó ń fi òòlù jẹun, yálà ní Accra ni o, ní Èkó ni o, ẹ pè é lórí fóònù lálẹ́ òní. Ẹ bi í pé báwo ni ìbàdí. Ẹ sì sọ fún un pé kó wá nǹkan tí yóò gbé irin lé lórí kí iṣẹ́ ọ̀la tó bẹ̀rẹ̀.